Ibi Iṣẹ́ Ń Bẹ Nínú Iṣẹ́

Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn kan kúrò ní ààfin Ògògà ti Ìkéré-Èkìtì lọ sí Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe láti fi ọrọ̀ àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso yangàn. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ẹ. Ògògà jókòó lára igi náà tòun ti adé. Lápá kejì, òyìnbó ajẹ́lẹ̀ wà lórí àga tí àwọn èèyàn rù, ó ń bọ̀ wá kí i. Àwọn British Museum rí ilẹ̀kùn yìí, ó wù wọ́n, wọ́n ní àwọn fẹ́ rà á. Ọba ní òun kò gbowó. Ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀, ilẹ̀kùn sì di tiwọn títí di òní.

Ìtàn yìí dùn ún sọ, àwọn tó ń kọ̀wé nípa Ọlọ́wẹ̀ kì í sì í fò ó. Ohun tó ṣáájú rẹ̀ ló gbà mí lọ́kàn jù. Kí ilẹ̀kùn náà tó di ohun tí wọ́n ń wò ní Wembley, Ọlọ́wẹ̀ ti fi bí ọdún mẹ́rin gbé ní Ìkéré, láàrin 1910 sí 1914, tó ń gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin. Wọn kò gbé iṣẹ́ wá bá a ní Ìsẹ̀. Òun ló kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ bá iṣẹ́ nílé ẹni tó bẹ̀ ẹ́.

Lára ilẹ̀kùn ọ̀pọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà ayé ìgbà náà, ère kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ kúrò lára pákó. Ti Ọlọ́wẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Orí àwọn èèyàn rẹ̀ yọ síta pátápátá, wọ́n sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi pé wọ́n fẹ́ wo ẹni tó ń wọlé. Ilẹ̀kùn ààfin Èkìtì kì í kọjú sí oòrùn gbangba. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà, òpó wà níwájú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ àgbàlá ló ń gba ẹ̀gbẹ́ yọ́ wọ ibẹ̀. Nínú irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ère pẹlẹbẹ á rì mọ́ igi. Èyí tó bá yọ síta á ní òjìji, òjìji náà á sì máa sún bí oòrùn ṣe ń sún. Èrò tèmi ni pé ẹni tó ti fi ọdún lórí ọdún wo ìmọ́lẹ̀ yẹn, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ló lè ronú kan irú iṣẹ́ yìí. Ọlọ́wẹ̀ ti kú ní 1938, kò sí ẹni tó lè bi í mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rí àwòrán ilẹ̀kùn náà nínú ìwé, tí wọ́n tan iná mànàmáná sí i láti iwájú, ohun tó máa ń sọ sí mi lọ́kàn ni pé wọ́n gbé igi lọ, wọn kò lè gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Bí a bá rí iṣẹ́ ọnà tó dára, "orí ẹni yìí pé" la máa ń wí. A ó ní ẹ̀bùn ni. A ó sọ ọ́ bíi pé iṣẹ́ ti parí nínú orí kí ọwọ́ tó kan irinṣẹ́, tí ọwọ́ kàn ń ṣe ohun tí orí rán an. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó ti àwọn oníṣẹ́ ọnà níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ohun tí mo sì rí ni pé ibi iṣẹ́ a máa bá wọn dá sí i. Bí wọ́n ṣe jókòó, ohun tó wà lọ́wọ́ wọn, ibi tí ìmọ́lẹ̀ gbà wọlé, ẹni tó wà nítòsí, ohun tí owó ká: gbogbo rẹ̀ ló ń wọnú iṣẹ́.

Ẹ lọ wo gbẹ́nàgbẹ́nà tó kọ́ṣẹ́ lọ́nà àtijọ́. Ilẹ̀ ló jókòó sí, tàbí orí àpótí kúkurú. Igi wà láàrin ẹsẹ̀ rẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ ló fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àáké kékeré tí ẹnu rẹ̀ dábùú ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, irú èyí tí èèyàn ń sọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ẹnu irin ń bọ̀ wá síhà itan ní gbogbo ìgbà, kò sì bẹ̀rù. Igi tútù ló ń lò, torí igi gbígbẹ á máa bá irin jà. Ojú rẹ̀ kò jìnnà sí igi ju gígùn apá lọ. Kì í dìde lọ wo iṣẹ́ náà lókèèrè, kì í sì í yí i po. Igi ló ń yí. Á gbé e kọjú sí ara rẹ̀, á gbẹ́. Á fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, á gbẹ́. Ìdí nìyẹn tí ère wa fi ń kọjú síni gbọn-in, tí ojú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi dá yàtọ̀, tí apá fi lẹ̀ mọ́ ara, tí ohun gbogbo sì wà nínú ìwọ̀n tí igi ní nígbà tí wọ́n gé e lulẹ̀. Àwọn òyìnbó kan wò ó nígbà kan, wọ́n ní àwọn tó gbẹ́ ẹ kò mọ bí ara èèyàn ṣe rí. Ère ni wọ́n rí, wọn kò rí ìjókòó tó bí i.

Iṣẹ́ náà ní ìpele mẹ́rin, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà sì mọ orúkọ rẹ̀ lórí. Ọnà lílé ni ìbẹ̀rẹ̀: àáké á pín igi sí orí, àyà àti ẹsẹ̀. Àlétúnlé ló tẹ̀lé e, níbi tí etí, apá àti ọmú ti ń yà sọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà ni dídán, kí ara ère lè jọ̀lọ̀. Fínfín ló kẹ́yìn, tí ọbẹ ń fa ilà irun, ilà ojú àti ti aṣọ. Gbogbo wa la mọ̀ pé orí ère Yorùbá máa ń tóbi, a sì ń sọ pé torí pé Yorùbá ń bọ orí ni. Òótọ́ ni. Mo fẹ́ kí a fi èyí kún un: àáké ló pín orí náà, nígbà tí kò tíì sí ojú, tí kò tíì sí imú, tí ọ̀gá ń wo odindi igi lẹ́ẹ̀kan náà. Ìpinnu tó tóbi jù lọ ti wáyé kí ẹnikẹ́ni tó lè sọ pé ère ta nìyí. Ìgbàgbọ́ àti irinṣẹ́ ló jọ ṣe é, n kò sì mọ bí èèyàn ṣe lè fa ọ̀kan yọ kúrò lára èkejì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí túbọ̀ yé mi. Ní 1947, àwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà dá ibi iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ níbẹ̀, Bàbá Kevin Carroll sì ń bójú tó o títí wọ́n fi pa á tì ní 1954. Bándélé, ọmọ Àreògún ará Ọ̀sì, ló ń gbẹ́gi níbẹ̀. Làmídì Fákẹ́yẹ wá láti Ìlá-Ọ̀ràngún, ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé fún bí ọdún mẹ́ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdílé gbẹ́nàgbẹ́nà ni wọ́n bí òun náà sí. Mùsùlùmí ni Làmídì. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì wà lára ohun tó gbẹ́.

Oníbàárà ti yí padà pátápátá. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ń sanwó báyìí, ìtàn inú Bíbélì ni wọ́n ń bẹ̀ wọ́n ní iṣẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn amòye láti ìlà oòrùn jáde láti ọwọ́ Bándélé, ọba Yorùbá ni wọ́n jọ, aṣọ Yorùbá ló wà lọ́rùn wọn. Bàbá Carroll fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, a kò ní í jà á lólè. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ àlùfáà nìkan kò lè ṣe é. Bó bá jẹ́ pé ó tò wọ́n sórí bẹ́ǹṣì, tó fún wọn ní pẹ́ńsù kí wọ́n kọ́kọ́ yà á sórí pépà, ohun mìíràn ni ìbá jáde. Wọ́n fi Bándélé sílẹ̀ kí ó jókòó bí bàbá rẹ̀ ṣe ń jókòó, kí ó fi àáké bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ sì jókòó tì í, kí ó máa wo ọwọ́. Ẹ̀sìn yí padà, oníbàárà yí padà, ibi iṣẹ́ kò yí padà, ère náà sì jáde gẹ́gẹ́ bí ọmọ Ọ̀sì. Làmídì gbé e lọ títí dé yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, níbi tó ti ń kọ́ni láti 1978. Ó kú ní 2009.

Ní irú ibi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọmọṣẹ́ ló ń gbá ẹ̀là igi nílẹ̀, òun ló ń pọ́n irin, òun náà ni ọ̀gá máa ń kọ́kọ́ fi dídán lé lọ́wọ́ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti ń balẹ̀. Nítorí náà, bí mo bá rí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo lábẹ́ ère nílé ìṣẹ̀ǹbáyé, mo máa ń ronú nípa àwọn ọwọ́ kéékèèké tó ti kọjá lára rẹ̀.

Ìyá ìyá mi kì í ṣe gbẹ́nàgbẹ́nà. Aládìrẹ ni, ní Ìbàdàn, nígbà tí àdìrẹ ẹlẹ́kọ ṣì ń tà dáadáa. Láfún ló fi ń ro ẹ̀kọ rẹ̀, á po álọ́ọ́mù mọ́ ọn, á wá fi ìyẹ́ adìẹ kọ ọ́ sára aṣọ funfun. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní í mu ún. Ibi tí kò bá sí, aró á wọlé. Ojú kan aṣọ ló ń kọ, ẹ̀yìn á dúdú pátá. Ẹni tó bá ti rí aṣọ Ìbàdàn Dùn rí á rántí òpó gbọ̀ngàn Mápó àti síbí tó wà láàrin òpó, ẹyẹ, ewé, ohun gbogbo nínú ojú onígun mẹ́rin tó tò láti etí aṣọ dé etí kejì. Abala méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀pá méjì àtààbọ̀, ni wọ́n ń rán pọ̀ di ìró kan.

Kí ló dé tí àdìrẹ ẹlẹ́kọ fi kún fún ojú onígun mẹ́rin tó bẹ́ẹ̀? Àwọn ọ̀mọ̀wé máa ń wá ìtumọ̀ jíjinlẹ̀ sí i, ó sì lè ní in. Mo rò pé tábìlì ló yẹ kí a kọ́kọ́ wò. Tábìlì tó wà níwájú ìyá àgbà kò fẹ̀ ju ti ọmọ iléèwé lọ, òun alára sì jókòó lórí àpótí. Aṣọ kò lè tẹ́ sórí rẹ̀ tán. Ìwọ̀nba tó wà lórí tábìlì ló ń rí. Ìyókù wà lórí itan rẹ̀, tàbí kó fì sílẹ̀ lódìkejì. Á kọ ojú kan tán, á fa aṣọ síwájú, á bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ojú kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ pé fúnra rẹ̀, torí pé èyí tó ti kọjá tábìlì kò sí níwájú rẹ̀ mọ́. Ilé kò sì dákẹ́. Oníbàárà á dé, ọmọ á ké, ọbẹ̀ á fẹ́ jóná. Láàrin ojú kan sí òmíràn ni obìnrin ti ń ráyè dìde. Ẹni tó ń kọ aṣọ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ní í dáwọ́ lé àwòrán kan tó gba odindi aṣọ, tí ọkàn kò gbọ́dọ̀ kúrò lórí rẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́. Èyí kò bu ọnà náà kù lójú mi rárá. Àwọn obìnrin yẹn wá ọnà tó lè bá ìgbésí ayé wọn gbé, wọ́n sì sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń tọ́jú sínú gíláàsì.

Ìyá àgbà kọ́ ló ń pa aṣọ rẹ̀ láró. Aláró ni. Èlú gígún, omi eérú tó jò láti inú ìkòkò olójú ihò, ọjọ́ mélòó kan kí aró tó bọ́ sípò. Aṣọ á wọnú ìkòkò, á jáde pẹ̀lú àwọ̀ ewé, atẹ́gùn á sì sọ ọ́ di búlúù níṣojú ẹni. Á tún wọ̀ ọ́, á tún jáde, títí yóò fi dúdú bó ṣe yẹ. Aláró ń bọ Ìyá Màpó, kò sì sí aládìrẹ tó lè pàṣẹ fún ìkòkò aró. Ìyá àgbà mọ èyí dáadáa. Bí aṣọ bá ń lọ sọ́dọ̀ aláró tí ọwọ́ rẹ̀ le, á fi ẹ̀kọ kún ilà, kí ó má baà bó kúrò nínú ìkòkò. Bí ẹ bá wá rí ilà nínípọn lára aṣọ rẹ̀, ìwà obìnrin mìíràn ló wà níbẹ̀.

Ẹ lọ sí Ìtòkú ní Abẹ́òkúta lónìí. Àbẹ́là yíyọ́ ló pọ̀ níbẹ̀, fómù tí wọ́n fi abẹ gé ni wọ́n ń tẹ̀ bọ inú rẹ̀ tí wọ́n ń lù mọ́ aṣọ, aró òyìnbó àti sódà sì ń parí iṣẹ́ náà láìpẹ́. Fómù kò lè fa ilà tó tín-ínrín bíi ti ìyẹ́. Àmì ńlá tó ń tún ara rẹ̀ ṣe ló mọ̀, àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ yòò ló sì bá a mu. Àwọn kan ń ké pé àdìrẹ ti bàjẹ́, pé àwọn ọ̀dọ́ kò ní sùúrù. Èmi ò ní í bú ọ̀dọ́ kankan. Irinṣẹ́ yí padà, iye tí ọjà gbà yí padà, ọnà tẹ̀lé wọn, àwọn kan nínú aṣọ náà sì dára gan-an. Ohun tó ń dùn mí ni pé a sọ̀rọ̀ nípa àdìrẹ àtijọ́ bíi pé àpẹẹrẹ ara rẹ̀ nìkan la fẹ́ tọ́jú. A lè tẹ Ìbàdàn Dùn jáde nínú kọ̀ǹpútà láàárọ̀ yìí. Kò sí kọ̀ǹpútà tó lè fún wa ní ìkòkò tó ń hó, obìnrin méjì tí wọ́n mọ ọwọ́ ara wọn, àti ilà tó nípọn nítorí ẹnì kejì. Ìdí tí mo fi ń yin Níkẹ Okundaye, aládìrẹ, nìyẹn. Láti 1983 tó ti dá ibùdó rẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo, ó ti gba ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ láyè kí wọ́n wá kọ́ṣẹ́ láìsanwó. Ibi ìjókòó ló fún wọn, ìkòkò ló fún wọn.

Ní Òṣogbo kan náà, ní 1962, Dúró Ládiípọ̀ àti Ulli Beier dá ibùdó ọnà Mbari Mbayọ̀ sílẹ̀. Ibi tí eré ti ń wáyé ni wọ́n ti ń ya àwòrán. Nígbà tí Georgina Beier pe àwọn ọ̀dọ́ jọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní 1964, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti ara eré bọ̀: Múráínà Oyèlámì jẹ́ òṣèré, oníjó ni Twins Seven-Seven, Jímọ̀ Bùráímọ̀ sì ń bójú tó iná fún ẹgbẹ́ eré Dúró Ládiípọ̀. Wọn kò fi ìlù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bùráímọ̀ di ẹni tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ya àwòrán, mi ò sì rò pé ó ṣèèṣì. Ẹni tó ti ń wo bí iná ṣe ń bọ́ sára aṣọ òṣèré lóru, tó sì ti mọ ibi tí yóò ti máa tàn àti ibi tí yóò ti kú, ìlẹ̀kẹ̀ á wù ú, torí pé ìlẹ̀kẹ̀ kì í tàn bákan náà bí èèyàn bá sún ẹsẹ̀.

Adébísí Àkànjí ní tirẹ̀, bíríkìlà ni. Sìmẹ́ǹtì ló mọ̀, sìmẹ́ǹtì ló sì fi ṣe ọnà, títí dé ara ògiri inú igbó Ọ̀ṣun tí òun àti Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, jọ ṣiṣẹ́. Sìmẹ́ǹtì kì í dúró de èèyàn. Kó tó le ni ọwọ́ gbọ́dọ̀ ti pinnu. Ẹni tó bá ti rìn nínú igbó náà á mọ bí àwọn ère ibẹ̀ ṣe na apá, tí wọ́n ń gbé ara yí, tí wọ́n dà bí ohun tó ṣì ń hù. Ìyára ọwọ́ bíríkìlà wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí Òṣogbo. Bruce Onobrakpeya, ayàwòrán, rí ọ̀nà ìtẹ̀wòrán tuntun kan ní 1967 torí pé ásíìdì ba páànù tó ń fi tẹ àwòrán jẹ́, tó sì fi gúlúù tún un ṣe dípò kó jù ú nù. Ẹni tó bá ń gbé iṣẹ́ fún ilé ìtẹ̀wé kò ní í rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ní Nsukka, El Anatsui kó ìdérí ìgò ọtí jọ, àwọn ọmọṣẹ́ púpọ̀ ń fi wáyà bàbà so wọ́n pọ̀ ní abala abala, ó ń tẹ́ wọn sílẹ̀, ó ń gbé wọn kúrò níhìn-ín lọ sọ́hùn-ún. Torí pé orí ilẹ̀ ló ti ṣe é, kò ní òkè, kò ní ìsàlẹ̀, ẹni tó sì fẹ́ gbé e kọ́ lè gbé e kọ́ bó ṣe wù ú.

Ọ̀rẹ́ mi kan ń ya àwòrán ní Èkó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, yàrá kan ṣoṣo ló ń lò, ní òkè ilé alájà mẹ́ta, níbẹ̀ ló ń sùn, níbẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ọ̀dà olóròóró kò ṣeé lò torí òórùn rẹ̀ lóru, nítorí náà ó di ẹni tó ń fi ọ̀dà olómi tó tètè ń gbẹ ṣiṣẹ́. Ohun tó bá ń gbẹ kíákíá kò gba kí èèyàn máa po àwọ̀ lórí aṣọ fún ìgbà pípẹ́, ó sì kọ́ láti máa fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lé ara wọn. Gbogbo àwòrán rẹ̀ ló kéré, torí pé kọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn ilé náà há, ohun tó bá sì fẹ̀ ju apá méjì lọ kò ní í gba ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ẹnì kan kọ̀wé nípa rẹ̀ pé ó yan ohun kékeré láti fi sọ nípa ìgbésí ayé inú yàrá àwọn obìnrin. Ọ̀rọ̀ náà dára, mo sì gbà pé àwòrán náà sọ bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ló kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ní báyìí, òun àti ayàwòrán méjì jọ gba ilé ìkẹ́rùsí kan tí wọn kò lò mọ́, ní ẹ̀yìn ìlú. Mo lọ kí i lẹ́yìn tó ti kó débẹ̀. Kì í ṣe ohun tó ń yà ló kọ́kọ́ yí padà, apá rẹ̀ ni. Tẹ́lẹ̀, láti ọrùn ọwọ́ ló ti ń fa ìlà. Ó ti wá ń fà á láti èjìká, ó ń rìn lọ rìn bọ̀ níwájú aṣọ tó ga jù ú lọ. Ó ní èjìká ń dun òun lálẹ́, pé òun kò mọ̀ pé òun ní in tẹ́lẹ̀. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ náà ṣì wà, ṣùgbọ́n ó ti gùn, ó ń tẹ̀, ó ń sáré kọjá ibi tí yóò ti dúró nígbà kan rí. Mo wò ó pẹ́. N kò lè sọ pé ó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó yàtọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì fẹ́ mọ ibi tí yóò gbé e dé.

Onílé ti sọ pé owó ibẹ̀ máa gòkè lọ́dún tó ń bọ̀, iye tó dá kò sì sí lọ́wọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi náà ti ń bá wọn bèèrè káàkiri, lọ́nà Ìkòròdú, lọ́nà Àgbádó. Àwọn ajíríǹtì máa ń fẹ́ sọ iye fún mi kí n tó rí ilé. Mo ń sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ bí òrùlé ṣe ga tó, àti ibi tí fèrèsé kọjú sí.